Ọ̀rá Tí Kò Dé Lọ́jọ́ Kan Kò Lè Lọ Lọ́jọ́ Kan

Ó ṣòro kí ènìyàn tó rí ọjà ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá lónìí tí kò ní gbọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ń polówó àgbo tí ń fa ikùn wọlé. Bí ó ti rí nínú ọjà ni ó rí nínú bọ́ọ̀sì èrò, bẹ́ẹ̀ náà ni lórí Facebook àti WhatsApp. Ìlérí kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: kí ẹni tí ó sanra mu ife kan láàárọ̀ àti ife kan lálẹ́, kí ó máa jẹ ohun tí ó ń jẹ tẹ́lẹ̀, kí ó jókòó sílé rẹ̀, kílò mẹ́wàá yóò ti lọ kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì kọjá èyí tí a ń fi rẹ́rìn-ín, nítorí owó àti ẹ̀mí ni ó ń kó lọ.

Bí ẹ̀tàn náà ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Púpọ̀ nínú àwọn tíì wọ̀nyí ni ó ní ewé sẹ́nà nínú, oògùn tí ń ṣí inú sì ni sẹ́nà. Ẹni tí ó mu ún yóò lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gun òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kejì, ó lè rí i pé kílò kan ti dín. Omi ni ó dín, kì í ṣe ọ̀rá. Bí ó bá ti mu omi, tí ó sì jẹun, ìwọ̀n rẹ̀ yóò padà síbi tí ó wà. Olùtajà yóò wá ní kí ó ra páálí kejì.

Ewu mìíràn tún wà. Ní ọdún 1997, wọ́n kó oògùn ìdínsanra kan, fenfluramine, kúrò lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn dókítà rí i pé ó ń ba ọkàn jẹ́. Ní ọdún 2010, wọ́n kó sibutramine náà kúrò ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Síbẹ̀, léraléra ni àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà ti ń bá sibutramine yìí nínú ohun ìdínsanra tí wọ́n pè ní ewé àti egbò lásán. Ní Nàìjíríà ńkọ́? Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka páálí àgbo tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC yóò sábà rí gbólóhùn kékeré kan tí ó sọ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ wò. Ẹnu olóògùn ń pariwo ìwòsàn; páálí rẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé wọn kò tíì wádìí rẹ̀.

Ọ̀nà òtítọ́ kò fara sin. Ní ọdún 2002, àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn tí ó lé ní 3,200, tí àtọ̀gbẹ ti ń kan ilẹ̀kùn wọn, ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ní kí apá kan dín ọ̀rá inú oúnjẹ kù, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kí ìwọ̀n ara wọn sì dín ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Apá kejì ń lo oògùn metformin. Hóró tí kò ní oògùn kankan nínú ni wọ́n fún apá kẹta. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àtọ̀gbẹ láàárín àwọn arìnrìn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti apá kẹta. Ti àwọn tí ń lo metformin fi ìdá 31 kéré. Ẹsẹ̀ àti àwo oúnjẹ borí oògùn. Ẹni tí ó wọn 100 kílò, kílò méje péré ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń pè ní ìwọ̀n tí ó dára. Ẹni tí ó bá dín ìdajì kílò lọ́sẹ̀ yóò ti dín tó kílò mẹ́fà ní oṣù mẹ́ta, kò sì ní fi ebi pa ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá febi pa ara rẹ̀ lójijì, ẹran ara rẹ̀ ni yóò máa bá ọ̀rá lọ, ebi náà yóò sì padà wá gba gbèsè rẹ̀. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Àwọn kan ti ń di ẹ̀bi ru oúnjẹ Yorùbá. Ẹjọ́ èké ni. Ẹ̀fọ́, ewédú, gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti ẹja kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìwọ̀n òkèlè ni ó pọ̀ jù, epo ni ó léfòó lórí ọbẹ̀, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ó sì gba ipò omi. Ìgò aládùn olóòrùn kóòlà 50cl lè ní ju ṣíbí kékeré mẹ́wàá ṣúgà lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní, bí ó bá ṣeé ṣe, kí àgbàlagbà má kọjá bíi ṣíbí mẹ́fà lóòjọ́. Ìgò kan ṣoṣo ti jẹ ti òní tán, ó sì ti mú nínú ti ọ̀la. Kí ẹni tí ń ra àmàlà mẹ́ta lọ́dọ̀ olóúnjẹ ra méjì, kí ó fi owó ìkẹta kún ẹ̀fọ́ àti ẹja. Kí omi padà sí orí tábìlì. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni àwọn àgbà wí.

Ahọ́n àwùjọ náà jẹ̀bi. Bí ikùn ọkùnrin bá yọ, wọn a ní ayé ń yẹ ẹ́. Bí obìnrin bá fi oṣù mẹ́fà rìn títí aṣọ rẹ̀ fi ṣò, wọn a máa bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá, tàbí bóyá owó ni kò sí nílé. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sídìí àwo.

Ní ti ìrìn, 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún lọ: ìrìn kánmọ́kánmọ́ tí ènìyàn lè máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Kí ẹni tí ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síbi tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sọ̀kalẹ̀, kí ó rìn ín.

Àwọn kan yóò béèrè pé ibo ni kí àwọn rìn sí. Ìbéèrè gidi ni. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, gọ́tà tí kò ní ìdérí ni ó wà létí títì. Níbi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ bá sì wà, ọ̀kadà àti àtẹ ọjà ti gbà á. Òfin ìṣúná ọdún 2021 fi owó-orí náírà mẹ́wàá lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìjọba tí ó mọ̀ pé ṣúgà ń pani lára tó láti gba owó lórí rẹ̀ kò ní àwáwí tí ọ̀nà tí aráàlú yóò fi rin ṣúgà náà kúrò lára kò fi sí.

Òótọ́ ni pé àìsàn ni ó wà nídìí ìsanrajù àwọn mìíràn, dókítà sì ní ohun tí yóò ṣe fún wọn. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó yí oúnjẹ padà. Ṣùgbọ́n dókítà kọ́ ni ó ń fi gbohùngbohùn kígbe nínú bọ́ọ̀sì.

Kí ẹni tí wọ́n bá tún na páálí ọjọ́ mẹ́wàá sí bi olùtajà ní ìbéèrè kan: ọdún mélòó ni ọ̀rá yìí fi kó jọ? Lẹ́yìn náà, kí ó fi owó rẹ̀ sápò, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé.