Kí Ìṣirò Kálórì Bẹ̀rẹ̀ Láti Inú Ìkòkò

Bí ilé-ìwé wa ti ń ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ rẹ̀, inú wa dùn láti gbọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fẹ́ ṣe áàpù kan sórí fóònù, tí yóò máa ṣírò kálórì oúnjẹ àti ìwọ̀n ara fún ẹni tó bá lò ó. A fọwọ́ sí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kì í ṣe àjèjì mọ́ nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà fi ń gba ènìyàn nímọ̀ràn kò yé ọ̀pọ̀ òbí. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta wà tí a rò pé ó yẹ kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, nítorí àwa tí a mọ ìtàn ilé orí iyanrìn kò gbọdọ̀ fi ìpìlẹ̀ ṣeré.

Èkíní ni oúnjẹ wa. Ìṣirò kálórì fúnra rẹ̀ kò le. Kálórì tí wọ́n ń kọ sára páálí oúnjẹ jẹ́ ìwọ̀n ooru tí yóò mú kìlógíráàmù omi kan gbóná sí i ní díígírì kan lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láti ara iṣẹ́ Wilbur Atwater, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ni a ti mọ̀ pé gíráàmù kan oúnjẹ afáralókun tàbí ti amáradàgbà ní nǹkan bíi kálórì 4, tí gíráàmù kan ọ̀rá sì ní 9. Ìsọdipúpọ̀ àti ìròpọ̀ ló kù, akẹ́kọ̀ọ́ JSS 1 sì lè ṣe é. Ibi tí wàhálà wà ni pé ọ̀pọ̀ áàpù tó wà lóde ń béèrè iye gíráàmù tí a jẹ. Ta ni nínú wa tó ń gbé àmàlà sórí òṣùwọ̀n kí ó tó bu òkèlè? Kóńgò, ife àti ìgbákọ ni àwa fi ń wọn oúnjẹ. Omi tún ń da ìṣirò rú. Ìbáà ṣe pé a mu ife gàrí kan, ìbáà ṣe pé a fi ṣe ẹ̀bà, kálórì inú gàrí náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ìwúwo ẹ̀bà yóò ju ti gàrí gbígbẹ lọ fíìfíì.

Èrò wa ni pé kí áàpù yìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò, kì í ṣe láti inú abọ́. Àwọn alásè ilé-ìwé mọ ohun tí wọ́n dà sínú ìkòkò, wọ́n sì mọ iye abọ́ tó jáde níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìrẹsì ṣe àpẹẹrẹ. Gíráàmù 100 ìrẹsì tí a kò tíì sè ní nǹkan bíi kálórì 360, nítorí náà kìlógíráàmù 10 yóò ní 36,000. Lítà òróró 2 wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 1,840. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìlọ́po 9, ó di 16,560. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52,560. Bí abọ́ 100 bá jáde nínú ìkòkò náà, abọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ní nǹkan bíi kálórì 526, láìka ata àti ẹran. Ẹ sì wò ó: òróró kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà ìwúwo ohun méjèèjì, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú mẹ́ta kálórì wọn. Irú ẹ̀kọ́ báyìí wúlò fún ìyá tó ń dáná nílé ju àwòrán búrẹ́dì òyìnbó lọ. Àwọn nọ́ńbà tí a ó lò kò sì ṣọ̀wọ́n, nítorí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ti tẹ àkójọ ohun tó wà nínú oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní ọdún 2012, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019.

Èkejì ni ìwọ̀n ara. BMI ni òṣùwọ̀n tí àwọn áàpù ń lò. A ó sọ gíga ènìyàn ní mítà di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó sì fi pín ìwúwo rẹ̀ ní kìlógíráàmù. Àgbàlagbà tó ga ní mítà 1.75, tó sì wúwo ní kìlógíráàmù 70, yóò ní nǹkan bíi 22.9. Láàárín 18.5 sí 24.9 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí ìwọ̀n tó dára fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n Adolphe Quetelet, ará Bẹ́ljíọ̀mù tó gbé ìṣirò náà kalẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kì í ṣe dókítà. Onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn lápapọ̀ ló sì ń ṣèwádìí nípa wọn, kì í ṣe àìsàn ẹnì kan. Ìṣirò yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣan àti ọ̀rá. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ààlà tí a là fún àgbàlagbà kọ́ ni ti ọmọ tó ṣì ń dàgbà. Àtẹ ọ̀tọ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2007 fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19, tó ń wo ọjọ́ orí, àti bóyá ọmọ náà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin.

Àwọn kan yóò sọ pé kí áàpù sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ènìyàn láìfi bò, kí ẹ̀rù lè mú un tún ìwà rẹ̀ ṣe. A kò kọ òótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ohun tí orúkọ bíi Òrobó àti Lẹ́pa ń ṣe sí ọkàn ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọmọbìnrin tí fóònù bá sọ fún pé ó ti sanra jù lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ní àkókò tí egungun rẹ̀ nílò oúnjẹ jù lọ. Kí áàpù náà má ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ kankan, kí ó má sì gbé iye tí yóò fi fọn kalẹ̀ fún un. Bí nọ́ńbà bá mú ìbéèrè wá, kí ó darí rẹ̀ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àti òbí.

Ẹ̀kẹta ni àṣírí. Òfin ìdáàbòbò dátà tí orílẹ̀-èdè wa ṣe ní ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Inú fóònù oníkálukú ni kí ìwọ̀n ara rẹ̀ wà. Kí áàpù ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó má sì sí àtẹ tí a ó fi máa wo ẹni tó wúwo jù ní kíláàsì.

Ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ níhìn-ín ni pé tẹ́ḿpìlì ni ara, àti pé Ọlọ́run kórìíra òṣùwọ̀n èké. Òṣùwọ̀n àgbàlagbà tí a fi wọn ọmọdé, èké ni. A rọ̀ yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, kí ẹ tó kọ ìlà kan sínú kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ mú ìwé àti bírò lọ sí ilé ìdáná, kí ẹ kí àwọn ìyá alásè, kí ẹ sì béèrè iye kóńgò tí wọ́n ń sè lójúmọ́. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín.