Táyà Ọkọ̀ Ẹgbẹ́: Ẹ Má Ṣe Wo Rímù Nìkan

Ọ̀rọ̀ táyà píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ tí a kò rí parí ní ìpàdé tó kọjá ni a tún gbé wá. Àwọn kan ní kí a ra èyí tí kò wọ́n, pé bí ó bá ti wọ rímù, ó ti parí. Àwa kò fara mọ́ èyí rárá.

Ara táyà kọ̀ọ̀kan ni a kọ ìwọ̀n ẹrù tí ó lè rù sí. Ẹ wo 195/70R14 91, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Ẹ wo 195R14C 106/104, ti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni. Fífẹ̀ wọn kò yàtọ̀, rímù oní-14 ni àwọn méjèèjì ń wọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Nọ́ńbà 91 túmọ̀ sí pé táyà kan kò gbọdọ̀ ru ju kílò 615 lọ. Ti 106 jẹ́ kílò 950. Nọ́ńbà 104 tó tẹ̀lé e jẹ́ ti ọkọ̀ tí ó ní táyà méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn, kò kan tiwa. Ẹ ṣírò táyà ẹ̀yìn méjèèjì: 1,230 níhìn-ín, 1,900 lọ́hùn-ún. Kílò 670 ni ìyàtọ̀ wọn, ó ju àpò pòtétò 6 lọ bí àpò kan bá wọn kílò 100. Ẹ má sì gbàgbé pé irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti wà lórí táyà náà kí a tó gbé àpò kìíní sí i.

Ní ọdún 2023, táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bẹ́ nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀ Hawan Kibo tán, tí ó dorí kọ Akwanga. Pòtétò fọ́n ká inú igbó. Ọlọ́run ló yọ òun àti ọmọ rẹ̀. Tuntun ni táyà náà! Àwa tìkára wa lọ wò ó, 91 ni a bá lára rẹ̀. Orí òkè ni Jos wà, ó ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì tutù. Bí ọkọ̀ bá ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i. Táyà tí ẹrù wúwo jù fún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa tẹ̀, a máa nà, láìsinmi. Èyí ní ń mú un gbóná, títí tí rọ́bà àti okùn inú rẹ̀ yóò fi ya kúrò lára ara wọn.

Kílò 950 yẹn kò sì dúró lásán. Irú táyà bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi 65 bí ẹrù bá kún un. Fọganáísà ẹnu ọ̀nà wa, ènìyàn rere ni, ṣùgbọ́n 35 ni ó ń fún gbogbo ọkọ̀. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ máa kà.

Ìyá Ìyálọ́jà bi wá pé ṣé sípíríǹgì tí a fi kún un kò tó? Mà, sípíríǹgì kò fi nǹkan kan kún agbára táyà.

Ti tókúnbọ̀ ńkọ́? Bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ jin, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí a kọ DOT sí: 2214 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 22 nínú ọdún 2014. Ìjọba pàápàá fi òfin de kíkó wọn wọ̀lú.

A mọ̀ pé àpò ẹgbẹ́ kò kún, àwa náà ni à ń kọ ìwé owó. Èrò wa ni pé kí a ra méjì fún ẹ̀yìn báyìí, oní-106, tuntun. Ti iwájú, tí 106 wà lára wọn tí eyín wọn sì ṣì dára, kí wọ́n dúró di ìgbà tí owó oṣù bá wọlé. Àwọn mẹ́rin tí arákùnrin wa kan ti san àsansílẹ̀ lé lórí, kí ó jọ̀wọ́ lọ gba owó náà padà kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.