Aláǹtakùn Kò Mọ Ẹni Tí Ó Ń Sìn Ín

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mẹ́ta péré ni ó dá a sílẹ̀: "Ó mọ̀ mí." Gáréèjì Ìkòròdú ni mo ti gbọ́ ọ, díẹ̀ ni ó sì kù kí ó gba ẹ̀mí ẹni tí ó sọ ọ́.

Inú dáńfó tí ń kérò Ẹ̀pẹ́ ni mo wà. Ọkọ̀ kò tíì kún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sí àga ẹ̀yìn, ó gbé ike áísìkirímù lé itan, ó sì ti lu ihò wẹ́wẹ́ sí ọmọrí rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja kan tí ó jókòó tì í yọjú wo inú ike náà. Ìyá náà figbe bọnu. Mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé Sábó. Aláǹtakùn onírun ni ó rí, aláwọ̀ eérú tí a wọ́n dúdú sí lára, èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá na ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, yóò bo àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà.

Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn ọmọ gáréèjì ti yí ọkọ̀ ká. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìwọ yìí, kí lo gbé dání?" Ọmọ náà kò purọ́. Ó ní aláǹtakùn òun ni, ọwọ́ ẹnì kan tí ń kó ẹran wá láti Lomé ni òun ti rà á, oṣù mẹ́jọ nìyí tí òun ti ń fi ìrẹ̀ àti aáyán bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ èyí tí kò yẹ kí ó sọ: "Ẹ má bẹ̀rù, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Ó mọ̀ mí. Ó fẹ́ràn mi."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí àwọn tí ó wà níbẹ̀ tún gbólóhùn yẹn gbọ́. Ẹ̀dá kan wà nínú ohun tí a dé lórí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bọ́ ọ. Ẹ̀dá náà mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó bá sì sọ pé kí ó má ṣe ni kò ní ṣe. Kí ni a ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa? Wọn kò jẹ́ kí ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Ẹnì kan pariwo pé, "Oògùn owó!" Òmíràn ní, "Yahoo Plus ni!" Mo rí ẹni tí ó ti ń wo ilẹ̀ kiri bóyá yóò rí igi.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ, ẹ rántí ìlú tí a wà. Ní ọdún 2016 àti 2017, nígbà tí àwọn apànìyàn tí a ń pè ní Badoo ń wọlé onílé lóru ní agbègbè Ìkòròdú, ẹ̀rù sọ aráàlú di adájọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 2017, àwọn ènìyàn pa apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn tí ó bá a rìn, wọ́n sì dáná sun wọ́n, nítorí pé wọ́n fura sí wọn. Wọn kì í ṣe Badoo. Ìfura ni ó pa wọ́n. Ojú ọ̀nà kan náà ni a wà lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìyàtọ̀ kò ju ọdún mélòó kan lọ.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo wọ àárín wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, kòkòrò lásán ni. Kò mọ ẹnikẹ́ni." Ẹ wá wo ọmọ yìí! Èmi ni ó bínú sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ mí," ó sì ṣí ọmọrí ike náà, ó na ọwọ́ sí i, kí ó lè fi hàn wá. Aláǹtakùn náà gun ọwọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí omi gbígbóná bá ta síni lára, ó gé e jẹ ní ọrùn ọwọ́, ó bọ́ sílẹ̀, kọ̀ǹdọ́ sì fi sálúbàtà tẹ̀ ẹ́ pa. Ọmọ náà ké. Ẹ̀rín sì sọ ní gáréèjì! Ìbínú wọn rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ta ni ó ti rí oògùn tí ń gé olóògùn jẹ? Ìgéjẹ yẹn ni ó gbà á sílẹ̀.

N kò kọ èyí láti fi ọmọlọ́mọ ṣẹ̀sín. Àwọn tí wọ́n kọ́ ọ ní gbólóhùn yẹn ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú. Àwọn tí ń ta aláǹtakùn, àti àwọn tí ń sìn ín ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù tí wọ́n ń kọ ìtàn nípa rẹ̀, pọ̀ lára wọn ni ó máa ń sọ pé ẹranko yìí máa ń mọ olówó rẹ̀, pé okùn ìfẹ́ kan máa ń so wọ́n pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára fún ọjà. Kò sí òótọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí aláǹtakùn ṣe ń mọ ayé. Ojú mẹ́jọ ni ó ní, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onírun ńlá wọ̀nyí fi ń ríran kò tó nǹkan. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni wọ́n fi ń mọ̀, àti ohun tí ó bá mì lọ́ọ̀ọ́kán. Irun ẹsẹ̀ rẹ̀ ni etí àti ojú rẹ̀ gan-an. Bí ilẹ̀ bá mì, bí afẹ́fẹ́ bá yí, irun náà yóò sọ fún un: oúnjẹ ni, ọ̀tá ni, tàbí akọ tí ń wá abo. Kò sí ọ̀nà kẹrin tí ènìyàn lè gbà wọlé. Nígbà tí ó bá dúró jẹ́ẹ́ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ, ilẹ̀ tí kò mì ni ó gbà pé òun wà lórí rẹ̀. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, ilẹ̀ ti di ọ̀tá. Èyí tí ọmọ wa rà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Heteroscodra maculata, tilẹ̀ burú díẹ̀ sí i, nítorí orí igi ni ilé rẹ̀, eré sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn aláǹtakùn onírun ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní irun tí ń yúnni tí wọ́n lè gbọ̀n sí ọ̀tá lára kí wọ́n tó ronú eyín. Tiwa ní Áfíríkà kò ní irú irun bẹ́ẹ̀. Eyín nìkan ni wọ́n ní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi díẹ̀. *Mọ̀* tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí *mọ́* tí ó ní ohùn òkè. Ajá mọ olówó rẹ̀: ó mọ ohùn rẹ̀, ó mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìta, ó mọ orúkọ tí a sọ ọ́, àní bí orúkọ náà tilẹ̀ jẹ́ òwe tí a fi ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà wa ti máa ń ṣe. Ó lé ní 10,000 ọdún tí ajá ti ń bá ènìyàn gbé. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá kan lójoojúmọ́ tí kò sì pa á lára, ohun tí a ń wí ni pé ó ti mọ́ ọn lára. Ariwo mọ́tò mọ́ ará Ìkòròdú lára débi pé ó ń sùn sínú rẹ̀, a kò sì tíì gbọ́ pé ariwo di ààyò ẹnikẹ́ni. Aláǹtakùn tí a ti gbé sọ́wọ́ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà lè má tètè ta kìjí mọ́. Ọwọ́ náà ti mọ́ ọn lára. Gbogbo ẹjọ́ tí mo bá ọmọ yìí rò, orí àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó dá lé, ẹ sì wo ohun tí àmì ohùn kan ìbá fi ṣe é.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni sọ fún mi pé ẹ̀bi èdè wa ni, pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ẹranko tí a ń tọ́jú fún ìgbádùn ojú. Irọ́ ni. *Ọ̀sìn* ni ọ̀rọ̀ náà, ara *sìn* ni a sì ti rí i. Ọlọ́sìn ń bọ́ ẹran, ẹran náà sì ń san án padà lọ́nà tirẹ̀: ewúrẹ́ ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé ní ìrọ̀lẹ́, ẹyẹlé ń padà sílé tí ó fi gba orúkọ, ajá ń ṣọ́de. Mo gbà pé a lè lo *sìn* fún aláǹtakùn, mo tilẹ̀ ti lò ó ní àkọlé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sin aláǹtakùn, òun nìkan ni ó ń sìn. Bí ẹwà rẹ̀ bá tó o, sìn ín. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi bá àwọn oníwàásù tí wọ́n ń ké pé ilé àjẹ́ ni ilé tí aláǹtakùn bá wà ṣe. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ohun kan náà ni àwọn àti olùfẹ́ aláǹtakùn ń sọ. Ọ̀kan ní ó fẹ́ràn mi, èkejì ní a rán an sí mi. Àwọn méjèèjì gbà pé kòkòrò yìí ń ro ti ènìyàn.

Ẹnì kan yóò ní, ṣé aláǹtakùn kò wá ní àánú rárá ni? A ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ Hysterocrates, aláǹtakùn inú ilẹ̀ tí ó wà ní Kamẹrúùnù, máa ń wà pẹ̀lú ìyá wọn fún oṣù mélòó kan, tí ìyá kò sì ní jẹ wọ́n. Ó dára. Ìyá ń gba ọmọ tirẹ̀ láyè. Ọ̀nà jìn láti ibẹ̀ dé orí ọmọ Adámọ̀ tí ó na owó rẹ̀ sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò gbà fún àwọn tí wọ́n ní àṣà Òyìnbó ni kí ènìyàn máa ka aláǹtakùn sí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn Mambila, tí wọ́n wà ní orí òkè ní Ìpínlẹ̀ Taraba tiwa níhìn-ín àti ní Kamẹrúùnù lọ́hùn-ún. Wọ́n ní àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní nggam, èyí tí David Zeitlyn, onímọ̀ ní Yunifásítì Oxford, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọn a kó ewé tí a gé àmì sí sẹ́nu ihò aláǹtakùn, pẹ̀lú igi kan àti òkúta kan tí ó dúró fún ìdáhùn méjì, wọn a fi ìkòkò bò ó, wọn a bi í ní ìbéèrè, wọn a sì dúró. Bí aláǹtakùn bá jáde tí ó tú ewé wọ̀nyẹn ká, awo yóò kà á. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ má gba àyẹ̀wò náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé ẹnu ihò tirẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé ó fẹ́ràn òun.

Tiwa tí a ń kó láti igbó Tógò ńkọ́? Àkekèé ńlá dúdú tí àwọn ará òkè òkun ń rà láti ibẹ̀ ni àdéhùn CITES ti fi sábẹ́ ìṣọ́ láti ọdún 1995, nítorí ọjà yìí kan náà. Ère pẹ̀lú wà lábẹ́ ìṣọ́ náà, ère tí wọ́n ń bọ ní Ouidah, tí ó bá ṣìnà wọlé onílé tí wọ́n ń gbé e padà pẹ̀lú ẹ̀sọ̀. Ẹni tí ó bá gbà pé ẹranko fẹ́ràn òun kò ní bèèrè ibi tí wọ́n ti hú u wá. Mo sì ní ìdí mìíràn tí ó fi dùn mí pé sálúbàtà ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ kan tẹ iṣẹ́ jáde nínú Nature lórí oró irú aláǹtakùn yìí gan-an, bí oró náà ṣe jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà kan tí ìrora ń gbà dé ọpọlọ. Ohun tí a lè kọ́ lára rẹ̀ pọ̀, láìjẹ́ pé ó fẹ́ràn wa.

Kí n padà sí gáréèjì. Ọwọ́ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, òógùn bò ó. Ìyá ẹlẹ́ja tí ó kọ́kọ́ ké ni ó tú páálí ẹja yìnyín rẹ̀, tí ó fọ́ yìnyín sínú ọ̀rá, tí ó sì dì í mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ìwọ ọmọ yìí," ni ó ń wí, "ajá kúkú wà." Mo fi ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn. A kò gbọ́ ọ rí pé oró wọn pa ènìyàn, ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ ń fà á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Níbi tí a jókòó sí ni ó ti bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni pé kò mọ̀ mí rárá?"

Mo ní, "Kò mọ̀ ọ́."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Èmi mọ̀ ọ́n ṣá." Ó wá ń sọ fún mi bí ó ṣe máa ń bọ́ awọ, bí kì í ti í jẹun ní ọjọ́ mélòó kan kí ó tó bọ́ ọ, bí awọ tí ó bọ́ sílẹ̀ ṣe máa ń pé pérépéré títí dé eyín. Ó ní méjì nínú àwọn awọ náà wà nílé, òun yóò mú wọn wá kí n rí wọn. Mo fún un ní àdírẹ́sì ọ́fíìsì mi, mo sì sọ fún un pé kí ó fi ìwé wé wọn, kí ó má fi ike oníhò gbé wọn wá.