Kì í ṣe ọmọ ajá ló jẹ̀bi bàtà tó jẹ

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó ń náni lówó ni, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. A mú ọmọ ajá wálé kó lè máa ṣọ́lé, tàbí kó bá ọdẹ lọ sígbó. Nígbà tí iṣẹ́ òwú tàbí ti kajú bá dé, gbogbo ilé á gba oko lọ láàárọ̀, wọ́n á so ọmọ ajá mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n tì í mọ́lé. Kí wọ́n tó dé nírọ̀lẹ́, ó ti fa bàtà ya, ó ti jẹ etí ẹní, ó ti gé wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù. Pàṣán ló kàn. Bó bá tún un ṣe, wọ́n á ní oníjàǹbá ni, wọ́n á tà á fún ẹni tí yóò pa á jẹ, tàbí kí wọ́n lé e síta kó máa rìn kiri.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó fi í sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò fún un ní ohun tí yóò máa rún lẹ́nu, òun ló jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹnu rẹ̀. Eyín àkọ́hù ọmọ ajá jẹ́ 28. Tó bá ti tó bí oṣù 3 sí 4, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ká, eyín àgbà 42 á sì máa hù títí yóò fi tó bí oṣù 7. Èrìgì rẹ̀ á máa yún un, á máa dùn ún. Ọmọ tiwa tó ń hu eyín ńkọ́? Ṣé kì í ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu? Ta ló ń na ọmọ nítorí ìyẹn?

Àwọn kan á ní: “Ó mọ̀ pé òun ṣẹ̀, ẹ wo bó ṣe dorí kodò.” Ní ọdún 2009, Alexandra Horowitz, onímọ̀ nípa ajá ní New York, dán èyí wò. Ó rí i pé ìbáwí ló ń mú kí ajá ṣe ojú bẹ́ẹ̀. Ajá tí kò ṣẹ̀ rárá, tí olówó rẹ̀ bá jágbe mọ́ ọn, á dorí kodò bákan náà. Ìbẹ̀rù ni. Bàtà tó jẹ láàárọ̀, tí ẹ nà án nítorí rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò mọ̀ pé tìtorí bàtà ni. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹ dé, ìyà sì dé.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ gbé bàtà, wáyà àti ìgò oògùn apakòkòrò sókè kí ẹ tó jáde. Ìgò oògùn òwú tó bá rún lè pa á. Ẹ di aṣọ àlòkù ní kókó, ẹ rì í sínú omi tútù, ẹ fún un. Ẹ má fún un ní bàtà gbígbó, torí kò mọ gbígbó yàtọ̀ sí titun. Egungun adìẹ tí a ti sè kò dáa, ó ń fọ́ ṣóṣóró. Ẹ jẹ́ kó sáré kó tó di pé ẹ jáde, ẹ fi omi àti òjìji sílẹ̀ fún un. Èyí tó ń ké, tó ń họ ilẹ̀kùn gbàrà tí ẹ bá jáde, ìdánìkanwà ló ń bà á lẹ́rù: ẹ jáde fún ìgbà díẹ̀, ẹ padà, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní iṣẹ́ oko ò jẹ́ kóun ráyè. Òótọ́ ni. Ẹ bẹ arúgbó tàbí aládùúgbò tó ń gbélé kó máa yọjú sí i lọ́sàn-án. Bí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ wá ajá tó ti dàgbà, ẹ fi ọmọ ajá sílẹ̀ fún ẹni tó ráyè.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ajá tí a lé síta láìgba abẹ́rẹ́ àjẹsára lè kó àrùn dìgbòlugi. Ajá ló ń kó o ran èèyàn 99 nínú 100 tó ń ní in, tí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Tí ọmọ ajá bá pé oṣù 3, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Tí ajá tó ń ṣe jẹ́jẹ́ bá ṣàdédé ń gé igi àti òkúta jẹ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yí padà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eyín mọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ké sí dókítà ẹran. Ẹni tó bá bù jẹ, kó fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Bàtà ṣeé rà lọ́jà Savalou. Ọmọ tí ajá ìgboro bá bù jẹ kò ṣeé rà. Ẹni tí kò bá lè tọ́ ajá, kó má mú un wálé.