Gbogbo Ohun Tó Bo Orí Kọ́ Ni "Masque"

Ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tó ti ba ìtumọ̀ àṣà jẹ́ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá Bẹ̀nẹ̀: "masque". Eégún, masque ni wọ́n pè é, Gẹ̀lẹ̀dẹ́, masque, Zangbeto àwọn Ègùn, masque. Nísinsìnyí tí àwọn olùpàtẹ iṣẹ́-ọnà òde òní ń kéde pé ìfarapamọ́ ni ìtumọ̀ ìbojú, àwọn ọ̀mọ̀wé Kétu àti Àjàṣẹ́ fúnra wọn ń tún un sọ, láìbéèrè ẹni tó fara pamọ́ àti ẹni tó ń sá fún.

Ẹ̀kú ni eégún ń wọ̀. Ará ọ̀run ló wà nínú rẹ̀, ọmọlúàbí kan kò sì ní pe orúkọ ẹlẹ́ran ara níbẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ni oníjó ń gbé igi tí agbégi gbẹ́ lé. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi bo ojú, inú aṣọ náà ló sì ti ń ríran. Gbogbo ọjà ló mọ ọmọ ẹni tó ń jó. Ọkùnrin ló so ọyàn àti ìdí mọ́ra láti fi yẹ́ àwọn ìyá wa sí, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Iṣẹ́ Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí a bí ní 1962, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Bídọ́ọ̀nù ike tí wọ́n fi ń kó epo kpayo wọlé láti Nàìjíríà ló fi ń ṣe ojú ènìyàn: ẹnu bídọ́ọ̀nù di ẹnu, ibi tí a ti ń dì í mú di imú. Àwọn kan ní ó ń fi ohun mímọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ṣì í. Kò tú àṣírí awo kankan. Ṣebí àwọn agbégi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pàápàá ti gbẹ́ alùpùpù àti ẹ̀rọ ìránṣọ sórí igi! Nínú La Bouche du Roi, tí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù pàtẹ ní 2007, bídọ́ọ̀nù 304 ni a tò bí wọ́n ti ń to ẹrú sínú ọkọ̀ Brookes, tí ohùn sì ń pe orúkọ ènìyàn. Ìfarapamọ́ wo ló wà níbẹ̀? Àwọn tí òwò ẹrú sọ di ẹrù ni iṣẹ́ náà ń dá ojú padà fún.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wí pé irú iṣẹ́ yìí lè dúró fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣìnà jù. Orúkọ ẹnì kan ló wà lára ògiri ìpàtẹ, ó sì tọ́ sí i. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ti Ìyálàṣẹ̀, ti agbégi, ti onílù, ti akọrin ẹ̀fẹ̀, ti àwọn obìnrin tó yá oníjó ní gèlè. Ní 2024, nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ kọ́kọ́ ní ibùdó tirẹ̀ ní ìpàtẹ Venice, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lára àkòrí rẹ̀. Ó dára. Ìjọba tó rí owó àkòrí, kí ó rí owó aṣọ àti owó ìlù fún àwọn ẹgbẹ́ Kétu.

"Auteur inconnu" ni a ń kà lára ọ̀pọ̀ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yúróòpù. Agbégi náà kò fara pamọ́. Ará ìlú rẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ oríkì rẹ̀. Ẹni tó gbé igi náà lọ ni kò béèrè.