Ìwé Ẹrù Wa ní Èbúté: Àmáánà Ni

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan àpò yín, ó sì kan ẹ̀sìn yín.

Kò sí ẹni tí ń kó ẹrù wọlé láti òkè òkun tí kò mọ ìyà èbúté. Ẹrù á gúnlẹ̀ sí Àpápá, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ á máa rìn kiri: ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè, ọ̀dọ̀ NAFDAC, ọ̀dọ̀ SON, ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ ojú omi, ọ̀dọ̀ báńkì. Ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè níbi púpọ̀. Bí ìwé ti ń pẹ́ ni owó ìdúró kọ̀nténà ń gorí ara wọn. Ta ni ń san án? Oníṣòwò ni ó kọ́kọ́ san án. Ìyá tí ń ra oògùn fún ọmọ rẹ̀ ni ó san án gbẹ̀yìn.

Àtúnṣe wà. Láti 1989 ni Singapore ti ń lo ẹ̀rọ TradeNet: oníṣòwò á kọ ọ̀rọ̀ ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó kàn á sì rí i. Ní oṣù kẹrin 2024, Ààrẹ Tinubu ṣí ètò tí ó jọ ọ́ sílẹ̀ fún Nàìjíríà.

Èmi fara mọ́ ọn. Nínú Súrátù Bákárà, ẹsẹ 282, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀, kí akọ̀wé sì ṣe òdodo. Ìwé tí ojú púpọ̀ ń wò ṣòro láti yí padà níkọ̀kọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kò tó. Maersk àti IBM gbé TradeLens jáde ní 2018 kí àwọn ọlọ́kọ̀, èbúté àti oníṣòwò lè jọ máa ka ìwé kan náà. Ní 2022 wọ́n kéde pé àwọn yóò pa á tì. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kọ iṣẹ́. Àwọn tí ó yẹ kí ó jọ lò ó ni kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ tó.

Nítorí náà, mo ń bẹ ìjọba: ẹ jẹ́ kí oníṣòwò rí ọwọ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ wà, àti ọjọ́ tí ó ti dé ibẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà tán, tí ẹ tún ní kí a máa gbé tákàdá káàkiri, ẹrù méjì ni ẹ dì lé wa lórí.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹni tí ó kó ọgọ́rùn-ún tí ó kọ àádọ́ta, irọ́ ni ó fi sínú ẹ̀rọ, irọ́ náà ni ẹ̀rọ yóò fi ránṣẹ́. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá wọn, ti ọwọ́ bọ òkìtì ọkà nínú ọjà, wọ́n bá a pé abẹ́ rẹ̀ tutù. Wọ́n bi ọlọ́jà náà ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i. Ìbéèrè yẹn ń dúró dè wá ní èbúté.

Kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí òwò òdodo wa. Àmín.