Ẹ Jẹ́ Ká Ya Eré Wa Sí Fídíò

Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, iná lọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Àwa mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kan, à ń tàkúrọ̀sọ. Ọ̀kan nínú wa ní ìdílé àwọn kì í kú ní kékeré, pé ìyá ìyá òun ní Ọ̀fà ti lé ní 90 ọdún, wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ ara wọn ro ọkà. Èyí tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní, "Ìyẹn kéré! Bàbá àgbà tiwa lo ọdún 97." Ẹnì kẹta kò bá bàbá àgbà kankan láyé. Ó ní kí a lọ wo Àgbákò inú fíìmù, ìyẹn Charles Olúmọ, tí wọ́n kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ní ẹni ọdún 101. Ó ní òun ti sọ Àgbákò di bàbá àgbà òun. A rẹ́rìn-ín títí.

Ó wá kàn mí. Mo ní bàbá bàbá mi lo ọdún 91, Muchia níbí ni wọ́n sì kú sí, ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé, "Báwo ni wọ́n ṣe máa ń kì ọ́?" Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè dáhùn. Ìlà méjì péré ni mo rántí nínú oríkì tí wọ́n máa ń kì mí láàárọ̀. Ìyókù ti lọ. Fọ́tò wọn pọ̀ nílé wa, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan tí a ká ohùn wọn sí. Ọmọ tó sọ Àgbákò di bàbá àgbà rẹ̀ lè gbọ́ ohùn Àgbákò nígbàkigbà tó bá wù ú. Èmi tí mo ní bàbá àgbà gidi, mi ò lè gbọ́ ohùn tiwọn mọ́ láé.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ẹ̀mí gígùn nìkan kò tó. Bí àgbà bá lo 100 ọdún tí a kò gba nǹkan kan sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ máa lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni eré orí ìtàgé rí. Màmá àgbà mi ṣì wà, ẹni ọdún 84 ni wọ́n. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọge, àwọn wo eré Ògúndé ní Sábó Zaria níbí. Ògúndé máa ń kó àwọn òṣèré rẹ̀ wá sí Òkè Ọya. Kódà, ìjọba òyìnbó fòfin de eré rẹ̀ kan, Strike and Hunger, ní Jos ní ọdún 1946. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ náà fún mi. Wọ́n kọ ọ́ dé àárín, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi." Wọn ò rántí orúkọ eré náà, nítorí náà a ò mọ ibi tí a ti lè wá ìyókù.

Ọdún 1944 ni Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ eré ṣíṣe. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gbé Aiyé kúrò lórí ìtàgé bọ́ sínú fíìmù ní 1979. Ó kú ní 1990, ẹni ọdún 73 ni. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà, síbẹ̀ mo ti wo Aiyé ní pálọ̀ wa, ẹ̀rù sì bà mí débi pé mi ò lè lọ sílé ìwẹ̀ lóru. Kọ́lá Ògúnmọ́lá kú ní 1973, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Dúró Ládípọ̀ tó gbé Ọba Kòso lọ sí Berlin ní 1964 kú ní 1978, òun náà kò pé ọgọ́ta ọdún. Mo béèrè ní kíláàsì wa pé ta ló ti rí àwọn méjèèjì yìí níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Olùkọ́ ti kọ́ wa ní orúkọ wọn, ojú wọn ni a ò mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ọ̀fà kò gbà pẹ̀lú mi. Ó ní eré orí ìtàgé tí wọ́n bá yà sí fídíò máa ń dà bí ọbẹ̀ tútù, pé àwọn òṣèré á máa wo kámẹ́rà dípò èrò. Òótọ́ wà níbẹ̀, kò dùn tó kí èèyàn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í kọ ọbẹ̀ tútù. Ó tún rán mi létí Bàbá Sàlá, pé Ọ̀run Móoru tí wọ́n ṣe ní 1982 bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ayédèrú, gbèsè ni wọ́n sì bá níbẹ̀. Èmi rò pé ìyẹn kò ní ká má ya eré. Ó ní ká mọ ẹni tí ẹ̀dà máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ẹ wo eré wa ti ọdún tó kọjá. Síníọ̀ tó ṣe ọba ti jáde nílé ìwé. Ìwé eré wà lọ́wọ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń rìn, ibi tó ti dákẹ́ kí gbọ̀ngàn tó hó yè, àti ewì tó fi kún un fúnra rẹ̀, kò sí nínú ìwé. Ẹni tó máa ṣe ọba lọ́dún yìí ń bi wá, kálukú wa ń sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Mo mọ̀ pé òfin kò gba fóònù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, mi ò ní kí wọ́n yí òfin padà. Kí olùkọ́ kan gbé fóònù kan sórí tábìlì láàárín gbọ̀ngàn, kó má gbé e kiri, kó ya eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ariwo àwa òǹwòran. Kí ẹ̀dà kan wà ní láíbìrì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ olùkọ́ ẹgbẹ́ wa. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e síta láìgba àṣẹ àwọn òbí wa.

Tí a bá sì lọ sílé fún họ́lídè, kí oníkálukú tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà kan, kó yá fóònù òbí rẹ̀, kó ká oríkì tàbí orin kan sílẹ̀. Èmi máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ orin Màmá. Bóyá màmá àgbà ọ̀rẹ́ mi ní Ọ̀fà, tí wọ́n ti lé ní 90 ọdún, ni wọ́n mọ ìyókù. Ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n báyìí, nígbà tí wọ́n ṣì ń ro ọkà.